Bẹ́ ẹ ṣe lè dá kíláàbù àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ládùúgbò yín láìsí owó ńlá

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn tó ní ọ́fíìsì àti jẹnẹrétọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàárín àdúgbò, tẹ́ ẹ ń rí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn tó ń kọ́ irun dídì, àwọn tó ń kiri pọ̀ọ̀wọ̀tà lójú títì, tẹ́ ẹ sì ń sọ ọ́ sínú pé ó yẹ kí ẹnì kan ṣe nǹkan fáwọn ọmọ yìí, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn. Ìbàdàn lèmi wà, apá Bẹẹrẹ lọ sí Òjé, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, torí náà gbogbo ohun tí mo bá sọ níbí, bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa ni, ẹ tún un ṣe kó bá tiyín mu.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kàn ká tó bẹ̀rẹ̀. Owó kọ́ ló ń pa irú kíláàbù yìí, ẹnu tó ń jò ló ń pa á. Ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí tó wá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ẹ̀ lọ́la, kò ní padà wá mọ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ò ní wá, ó parí nìyẹn.

1. Ẹ wá ẹnì kejì

Ẹ má dá a ṣe. Obìnrin méjì ló kéré jù, torí ọjọ́ tára ò bá yá ọ̀kan, tàbí tó lọ sí òkú nílé, èkejì á ṣílẹ̀kùn. Táwọn ọmọ bá dé lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, ẹ ò ní rí wọn lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ wá ẹni tó ti lé lógún ọdún àmọ́ tí wọ́n ṣì lè pè ní àǹtí, torí tó bá ti di màmá báyìí, ìwàásù ni yóò máa ṣe fún wọn. Ẹni tó dáa jù tí mo rí ni télọ̀ kan tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù ẹ̀ ní bí ọdún méjì sígbà yẹn, òun náà ti sùn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rí, ó mọ ohun tójú ọmọ iṣẹ́ ń rí, kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ẹ̀ fún un.

Ẹ dán ẹnu ẹ̀ wò o. Ẹ sọ nǹkan kékeré kan tí ò léwu fún un, kẹ́ ẹ ní kó má sọ fẹ́nì kankan, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ó máa dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta kó tó di Jímọ̀. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, mo ti ṣe é, ẹni méjì ló sì fìdí rẹmi.

Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Wọ́n wúlò, wọ́n lè bá wa tún bẹ́ǹṣì ṣe, wọ́n lè bá àwọn ọmọkùnrin àdúgbò sọ̀rọ̀. Àmọ́ òfin wa ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá dúró ti ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà ní pípadé, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ èmi tí mo ń kọ èyí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ẹ jókòó sábẹ́ igi níbi táwọn tó kù ti lè máa rí yín, tí wọn ò sì ní gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ.

2. Ẹ lọ kí ọ̀gá àti ìyá kẹ́ ẹ tó pe ọmọ

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fẹsẹ̀ kọ nìyí. Wọ́n á tẹ páńfúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa pín in fáwọn ọmọ lójú ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ ò ni àkókò ara ẹ̀ o, ọ̀gá ló ni ín títí dọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, èyí tó sì wà nílé, ìyá ẹ̀ tàbí àǹtí tó mú un wá láti abúlé ló ni ín. Torí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ télọ̀ àti ti onídìrí, ẹ wọ inú mítìǹgì wọn, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ lọ kí ìyàwó lémọ́ọ̀mù, ẹ lọ kí ìyá ìjọ, ẹ má mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀, torí wọ́n á ní ti ẹlẹ́sìn kan ni.

Wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè kan náà níbi gbogbo. Ọ̀gá kan fi téèpù kọ́rùn, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní kọ́ ọmọ mi ní ìranù ṣá? Torí wọ́n ní àwọn kan ń pín rọ́bà fáwọn ọmọdé."

Mo ní, "Rárá mà. Ẹ̀yin gan-an ẹ wá jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wò ó."

Ó wá lóòótọ́, ó jókòó sẹ́yìn, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú ogún ó ti sùn lọ. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ń lé àwọn ọmọ ẹ̀ jáde kí wọ́n má pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ má purọ́ fún wọn o. Ẹ sọ pé ẹ máa kọ́ wọn nípa nǹkan oṣù, nípa bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, nípa owó títọ́jú. Ọ̀rọ̀ owó títọ́jú yẹn, òun ló máa ń mú kí ojú ìyá rọ̀. Kì í ṣe àwa la máa kọ́kọ́ fi ohun rírọrùn ṣí ilẹ̀kùn o. Kíláàbù tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1932, ọ̀rọ̀ ìránṣọ àti oúnjẹ sísè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn ìyá ọjà ní àwọn fẹ́ mọ̀wé, nígbà tó máa fi di 1946 ó ti di ẹgbẹ́ obìnrin tó ń bá ìjọba fa wàhálà lórí owó orí, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló gbé Aláké kúrò lórí oyè ní 1949. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ìyẹn fún ọ̀gá télọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o.

3. Ọjọ́ àti ibi

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Sunday aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Kí ló dé? Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù, alẹ́ Friday wọ́n ń sáré parí aṣọ ẹbí, Saturday oníbàárà ń wá gbaṣọ, àárọ̀ Sunday àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn kan sì wà ní àsàlátù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sunday nìkan ni gbogbo wọn lè jọ rí ara wọn. Ẹ bi àwọn ọmọ tiyín, ẹ má kàn yan ọjọ́ tó bá rọ ẹ̀yin lọ́rùn. Wákàtí kan ààbọ̀ tó, aago mẹ́fà kò gbọdọ̀ bá wọn lọ́nà, pàápàá nígbà òjò tí ilẹ̀ ń tètè ṣú.

Ẹ má lo pálọ̀ ẹnì kankan tí ọkọ ẹ̀ ń wọlé jáde. Kíláàsì ilé ìwé pírámárì ló dáa jù, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ẹ ṣèlérí pé ẹ máa gbálẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbá a lóòótọ́. Ẹ wo bóyá ilé ìgbẹ́ wà níbẹ̀ tó ṣeé tì látinú. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí márùndínlọ́gbọ̀n ti tó, tí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ pín wọn. Ẹ má da ọmọ ọdún mẹ́wàá pọ̀ mọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọ̀rọ̀ wọn ò pa pọ̀, kékeré á máa tijú, àgbà á máa pa á lẹ́nu mọ́. Àwa pín in sí 10 sí 14, àti 15 sí 19.

4. Ọjọ́ àkọ́kọ́: ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan kan

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré. Ayò, tẹ́ńtẹ́n, orin, ohun tí wọ́n bá mọ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ ṣòfin, kí ó jẹ́ àwọn ló máa pè é, kẹ́ ẹ̀yin máa kọ ọ́ sára pátákó. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé ohun tá a bá sọ níbí, ibí ni kó wà. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ìdajì kejì kún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀: tí ẹnì kan bá ń ṣe ọ́ léṣe, tàbí tí ẹ̀mí ẹ bá wà nínú ewu, àǹtí ò ní lè dá a gbé pa mọ́, ó máa wá ẹni tó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ló máa kọ́kọ́ sọ fún, ẹ jọ máa mọ ẹni tẹ́ ẹ ń lọ bá ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi témi fúnra mi ti bà á jẹ́. Ọmọ kan sọ nǹkan fún mi lábẹ́ igi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣàpẹẹrẹ nínú kíláàsì, mi ò dárúkọ, mo kàn ní "ọmọ kan wà tí bùrọ̀dá ọ̀gá ẹ̀ máa ń rán ní sígá lóru." Mo rò pé mo gbọ́n. Kí n tó parí gbólóhùn yẹn, orí mẹ́ta ti yí sí ibi tó jókòó. Ó wolẹ̀, ó ń fi èékánná họ bẹ́ǹṣì. Kò wá fún ọ̀sẹ̀ méje. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dá mi lóhùn. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ ṣàpẹẹrẹ, ìtàn ìjàpá ni mo máa ń lò, tàbí kí n mú èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàwòrán àdúgbò

Bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin lèyí. Ẹ fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì, ẹ ní kí wọ́n ya àdúgbò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíláàsì: ṣọ́ọ̀bù, ilé, kànga, ọjà, ibi ìwọkọ̀. Ẹ wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òkúta kéékèèké, ẹ ní kí wọ́n gbé e sí ibi tí àyà wọn ti máa ń já, láìsọ̀rọ̀. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì o.

Mo ti ní lọ́kàn pé ilé àkọ́kù tó wà lẹ́yìn ọjà ni òkúta máa kún jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo àgbà máa ń pariwo. Òkúta méjì péré ló wà níbẹ̀. Ibi tó kún ni ìdí kànga lásìkò tí wọ́n ń pọnmi ní ìdájí, àti ọ̀nà ilé oníbàárà tí wọ́n máa ń rán wọn lọ fi aṣọ jíṣẹ́. Oníbàárà á ní kí wọ́n wọlé wá kí òun wọ̀ ọ́ wò. Ẹ wò ó, mo ti ń ran aṣọ láti kékeré, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ètò ti jáde. A lọ bá àwọn ọ̀gá, a ò dárúkọ ọmọ kankan, a kàn ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rán ọmọ méjì pọ̀ tí wọ́n bá ń lọ jíṣẹ́ aṣọ, kí aṣọ má sì wọ inú yàrá, ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n ti gbà á. Àwọn ọmọ fúnra wọn ṣètò pé mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n á máa lọ pọnmi. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá lè sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò: kí wọ́n má wọ máíkírà tí ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó sínú ẹ̀ láṣàálẹ́, torí wan ṣáǹsì, kí wọ́n ka nọ́ńbà ọkọ̀ sókè lórí fóònù kí ẹni tó wà ní sítíà gbọ́ ọ, kódà tí kò bá sí ẹni lórí fóònù. Kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ nípa fótò. Tí ẹnì kan bá ní kí wọ́n fi fótò ìhòòhò ránṣẹ́, tàbí tó ti gbà á tó wá ń fi dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n má sanwó, kí wọ́n má sì pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn rẹ́, ẹ̀rí ni. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti 2015.

6. Ọ̀rọ̀ ara

Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó máa sọ nípa jẹ̀nótáìpù kí wọ́n tó gba ẹni tí wọ́n máa fẹ́, ó máa sọ nípa àbẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni fáwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, October 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ mú orúkọ àwọn tó wà ní ọjọ́ orí yẹn, ẹ jẹ́ kí ìyá wọn mọ̀, kẹ́ ẹ jọ kó wọn lọ lọ́jọ́ kan náà.

Nǹkan oṣù ló gba àkókò wa jù. Páàdì ti wọ́n, àwọn kan ń lo àkísà, àwọn kan ń lo fóòmù tí wọ́n fà ya lára bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, àwọn télọ̀ ló kún inú yàrá yìí. Mo mú fúlánẹ́ẹ̀lì ìledìí wá, mo mú aṣọ réènkóòtù tí omi ò lè gba inú ẹ̀ kọjá, mo kó bótìnnì alátẹ̀mọ́ra. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti gé e lòdì, apá rẹ̀ á máa ká sókè." Òótọ́ ló sọ. Fúlánẹ́ẹ̀lì ìlẹ̀pọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín, réènkóòtù nísàlẹ̀, apá méjèèjì tó máa ká sábẹ́ pátá, bótìnnì kan láti dè é. Aṣọ wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù la fi ń ṣe ìta ẹ̀, áńkárá ló máa ń dáa jù.

Fífọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́. Omi tútù lẹ kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, torí omi gbóná ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà oòrùn. Oòrùn tààrà o. Wọ́n máa ń fi í pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú, ibẹ̀ ló ti ń rùn tó sì ń fa yíyún. A ní kí wọ́n sá a, kí wọ́n fi ìborí fífúyẹ́ bò ó lórí okùn, ẹni tó bá kọjá á rò pé ìborí ló wà níbẹ̀.

7. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọmọ lọ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síwèé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò ẹrú, ní 627. Ẹ̀yin tó wà l'Ékòó, àjọ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀ ní 08000333333, Mirabel Centre sì wà nínú ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà láti 2013, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀ fẹ́ni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀. Ní ìpínlẹ̀ yòókù, ẹ béèrè irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó tóbi jù.

Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa sọ fún ọmọ náà ni pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Ẹ má bi í pé kí ló wá débẹ̀. Kó má wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ kó aṣọ náà sínú àpò bébà, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù, torí ọ̀rinrin tó ń há sínú láílọ́ọ̀nù ń ba ẹ̀rí jẹ́. Tó bá sì ti wẹ̀, ẹ má bá a wí, ẹ ṣáà máa lọ. Aago ti ń lọ: oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ 28 ló máa fi lò ó. Oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún ṣì lè ṣiṣẹ́ tó bá lò ó láàárín ọjọ́ márùn-ún, òun náà ń dín agbára kù bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Tí wákàtí 72 bá ti kọjá, ẹ ṣì gbé e lọ, ìtọ́jú mìíràn wà. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ rí i ná, ọlọ́pàá ò ní sá lọ.

Àwọn kan á wá bá yín pé ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé, àwọn ẹbí ọkùnrin náà á gbé owó wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òfin VAPP, òfin tó ń gbógun ti ìwà ipá sí èèyàn, ti wà láti 2015, ẹ̀wọ̀n gbére lè wà nínú ẹ̀ fún ìfipábánilòpọ̀, kì í ṣe ẹjọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀bẹ̀ parí lábẹ́ òrùlé baálé. Ẹ má gba owó, ẹ má mú owó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ.

8. Àpótí àjọ

Ọmọ tí ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó bá ra ìrẹsì fún un ló máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tá a fi ní àjọ. Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí tó ní àgádágodo mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta mú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni kẹrin ló ń gbé àpótí náà lọ sílé, kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ojú gbogbo wọn la fi ń ṣí i, tá a sì ń kà á sókè. Wọ́n ń dá ohun tí agbára wọn bá gbé, kódà igba náírà, a ń kọ ọ́ sínú ìwé olúkúlùkù. Owó pàjáwìrì wà lọ́tọ̀, ìyẹn la fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, àwọn náà ló ń pinnu ẹni tó máa gbà á. Ìparí ọdún la máa ń pín in, ọ̀pọ̀ wọn ló ti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tókunbọ̀ kọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù tó pé. Èmi ò fọwọ́ kan owó náà rí, ẹ̀yin náà ẹ má fọwọ́ kàn án.

9. Ẹni tí ò bá wá

Ẹ máa mú rẹ́jísítà. Tí ọmọ kan bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, ẹ lọ wá a, torí ẹni tí nǹkan ń ṣe gan-an ló máa kọ́kọ́ yọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ̀ kẹ́ ẹ máa béèrè pé kí ló dé tí lágbájá ò wá sí kíláàbù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á gbọ́. Ẹ mú aṣọ kan dání tó fẹ́ títẹ̀ létí, ẹ sọ pé ọmọ yẹn gan-an lẹ fẹ́ kó bá yín ṣe é torí ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń wọ̀n yín, orí ẹ̀ á sún mọ́ etí yín, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bi í jẹ́jẹ́. Aṣọ tí mo ti tẹ̀ létí ní àtẹ̀túntẹ̀ báyìí ti kún àpótí kan, ọ̀kan wà tó ti kúrú débi pé mi ò lè wọ̀ ọ́ jáde mọ́.